Lẹ́tà Kékeré Tí Ó Ń Ránni Létí Ọjọ́ Dókítà



 

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ni Alfa ilé kéwú ń wá nídìí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ìbéèrè náà kò burú, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn: owó ilé kéwú kì í tó ra ìrẹsì àti dátà pọ̀. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀ títí di ìgbà tí a bá kí ìrun Làásárì, mo máa ń wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàdàn. Dókítà kan ni, nọ́ọ̀sì méjì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti èmi. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ilé kéwú. Iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn ni kí n máa tọ́jú fáìlì, kí n sì máa fi ímeèlì rán àwọn aláìsàn létí ọjọ́ tí wọ́n bá dókítà dá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ yẹn kò ju kí a tẹ bọ́tìnnì kan lọ. Lọ́sẹ̀ yìí mo fẹ́ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí ni ó mú mi padà lọ ka orí ọ̀rọ̀ amánà nínú tírà hádíìsì bí ẹni tí kò kà á rí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí tí a fi ń ránni létí rárá. Bí dókítà bá parí pẹ̀lú aláìsàn, nọ́ọ̀sì á kọ ọjọ́ àbọ̀ sí ẹ̀yìn káàdì. Káàdì á wọ àpò. Láti inú àpò, á dé abẹ́ ìbùsùn, àwọn ọmọ á sì fi ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí eyín ń dùn kò nílò lẹ́tà. Eyín náà fúnra rẹ̀ ni lẹ́tà, òun ni yóò jí i lóru. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ibi tí ó burú sí gan-an nìyẹn. Ènìyàn á lo oògùn fún oṣù kan, ara rẹ̀ á yá gágá, á ní òun ti gbádùn, oògùn á tán, kò ní padà wá. Ọjọ́ tí yóò tún rántí dókítà lè jẹ́ ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan kò bá gbé mọ́. Irú àwọn aláìsàn báyìí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, àwọn elẹ́jẹ̀ ríru àti àwọn alátọ̀gbẹ. Nítorí náà, lẹ́tà wa ń ṣe iṣẹ́ tí ìrora ìbá ṣe bí ìrora bá wà.

Ẹ̀sìn wa kò fi ojú kékeré wo ìránnilétí. Ọlọ́hun pàṣẹ fún Ànábì Rẹ̀ nínú Sūratu Adh-Dhāriyāt pé kí ó máa ránni létí, nítorí ìránnilétí a máa ṣe àwọn onígbàgbọ́ ní àǹfààní. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìpè ìrun nílùú Mẹ̀dínà. Ládàánì méjì ni wọ́n ní fún ìdájí. Bilal máa ń pè nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí ẹni tí ó sùn lè jí, kí ẹni tí ó fẹ́ jẹ sààrì lè jẹ ẹ́. Ìpè Ibn Umm Maktum ni ó máa ń sọ pé àsìkò ti wọlé. Afọ́jú ni Ibn Umm Maktum. Kì í pè títí àwọn ènìyàn yóò fi sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìpè àkọ́kọ́ wà fún ìmúrasílẹ̀, ìkejì wà fún àsìkò gan-an.

Bí mo ṣe tò ó nílé ìwòsàn wa náà nìyẹn. Lẹ́tà kìn-ín-ní máa ń jáde nígbà tí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹni tí yóò wá owó ọkọ̀ lè wá a, kí ìyá ọlọ́jà lè sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé òun kò ní tètè dé ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹni tí kò ní lè wá sì sọ fún wa kí a lè fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìkejì máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Dókítà kọ́kọ́ rò pé ẹyọ kan tó. Mo sọ ti Bilal fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alfa, kò sí ohun tí ẹ kì í rí hádíìsì fún." Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ìṣòro tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ òǹkà ni, ó sì ju bí mo ṣe rò lọ. Bí a bá sọ fún Yorùbá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kí ó padà wá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, yóò ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni yóò yọjú. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó fi ọjọ́ mẹ́jọ kún òní, Ọjọ́rú ni yóò gbé fún yín, nítorí kì í ka òní. Àwa tí a kéwú mọ irú ìdààmú yìí dáadáa. Hádíìsì sọ pé ọjọ́ keje ni a ń pa ẹran fún ọmọ tuntun, Yorùbá sì ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn kan sì ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú madh-hab Màlíkì tí ó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bí ọmọ lẹ́yìn tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti yọ, a kì í ka ọjọ́ yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje rẹ̀ lọ́dọ̀ Màlíkì ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà ni méjèèjì. Òǹkà ni ó yàtọ̀, ọjọ́ kò yàtọ̀.

Ti alẹ́ tún wà níbẹ̀. Alfa kan tí ó jù mí lọ dáadáa ní ọjọ́ orí pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, nọ́ọ̀sì sì sọ fún un pé dókítà yóò wà ní alẹ́ Jímọ̀ọ́. Àgbà Alfa yìí dé ní alẹ́ Àlàmísì. Ta ni ó jẹ̀bi? Lọ́dọ̀ onímàle tó mọ òǹkà oṣù ojú ọ̀run, alẹ́ ni ó ń ṣáájú ọ̀sán; alẹ́ Jímọ̀ọ́ ni alẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ sí Jímọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì ń ka tirẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé. Ilẹ̀kùn tí a tì ni bàbá náà bá, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sílé, wọn ò sì bínú, wọ́n kàn ní kí á máa ṣe àlàyé.

Láti ìgbà náà, a kì í kọ ọjọ́ ní nọ́ńbà lásán nínú lẹ́tà wa. Ẹni tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà yóò ka 06/12 sí oṣù Kẹfà, ẹni tó wà nílé yóò kà á sí oṣù Kejìlá. A máa ń kọ ọ́ báyìí: Ọjọ́bọ̀ (Àlàmísì), ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, aago 9 àárọ̀. Ó gùn díẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ṣi ọjọ́ lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí òbí yín ní àtọ̀gbẹ fi etí sí dáadáa. Àyẹ̀wò ṣúgà kan wà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan wá ní aago 8 àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ojú wọn tutù, wọ́n ní, "Alfa, ọkàn mi balẹ̀, ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí, n kò fi nǹkan kan ẹnu." Mo bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n jẹ sààrì. Wọ́n ní kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ni. Iyán àná ni wọ́n gbóná, wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti aago márùn-ún sí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ta péré. Ààwẹ̀ wọn dára lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a ń tọrọ pé kí Ó gbà á, ṣùgbọ́n fún àyẹ̀wò yẹn, ìyá ti jẹun. Wọ́n ní láti padà wá lọ́jọ́ mìíràn, owó ọkọ̀ méjì.

Nínú lẹ́tà, a wá ń kọ ọ́ pé kí wọ́n má jẹ ohunkóhun láti aago 10 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Omi lásán nìkan ni kí wọ́n mu. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ààwẹ̀ nàfílà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tètè sọ fún wa kí a yí ọjọ́ padà. Mo fi kún un pé tíì kì í ṣe omi lásán, àgbo kì í ṣe omi lásán. Nọ́ọ̀sì ní kí n yọ ọ̀rọ̀ àgbo kúrò, pé kò bójú mu nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá kan pè láti béèrè bóyá ọṣẹ àti àgbo lè wà lára ohun tí òun kò ní fọwọ́ kàn. Mo ní ọṣẹ kò sí níbẹ̀.

Ràmàdáànì ni kọ̀ǹpútà kò mọ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ nípa àtọ̀gbẹ gbà pé ó yẹ kí aláìsàn tó fẹ́ gba ààwẹ̀ lọ rí dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú Ràmàdáànì, kí wọ́n lè wò ó bóyá ara rẹ̀ gbà á, kí wọ́n sì yí àsìkò tí ó ń lo oògùn padà. Bí mo bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lọ́dọọdún ní ọjọ́ kan náà, ọdún díẹ̀ sí i, á ti ṣìnà. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ti lọ. Nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń fi oṣù Rájábù wọ̀n ọ́n.

Lẹ́tà yìí kì í dùn mọ́ àwọn àgbà kan nínú. Alhaji kan pè mí lẹ́yìn tí ọmọ wọn ka tiwọn sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ìwọ Alfa, ìwọ lo fẹ́ kí dókítà gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ mi?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọlọ́hun ló yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Sūratul-Baqarah kí ó sìnmi, kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Dókítà kò lè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn máa sọ fún yín bóyá ẹ wà lára àwọn tí a yọ̀ǹda fún." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Aago mélòó?" Nínú irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ méjì yẹn dùn létí mi ju owó oṣù lọ.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ gan-an.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ yìí, mo bá àwọn lẹ́tà kan tí ẹni tó ṣáájú mi kọ sílẹ̀. Àkọlé wọn máa ń sọ gbogbo rẹ̀: orúkọ aláìsàn, orúkọ àyẹ̀wò, nígbà mìíràn orúkọ àìsàn. Kì í ṣe ìwà ibi. Dókítà fẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fóònù yín sórí tábìlì, kí ẹ tì í pa, kí ẹ ní kí ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín. Kí ni yóò kọ́kọ́ yọ sójú rẹ̀? Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti àkọlé. Ẹni tó jókòó tì yín yóò kà á kí ẹ tó kà á. Ẹ tún rò ó pé nílùú wa, ta ni ó ni ímeèlì? Ìyá tó ní ìsọ̀ aṣọ, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló bá a ṣí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà títí di òní. Bàbá àgbà, ímeèlì ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó fún wa. Tọkọtaya mìíràn, ẹyọ kan ni wọ́n jọ ń lò.

Oṣù kejì mi níbẹ̀ ni obìnrin kan wọlé, yóò ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó fi híjáàbù dúdú bora. Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní kí ó dúró ná. Ó yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò máa ka lẹ́tà mi?"

Mo ní, "Alhaja, lẹ́tà wo?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ibòmíràn ló ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìránnilétí ránṣẹ́, wọ́n kọ orúkọ àyẹ̀wò tó fẹ́ wá ṣe sí àkọlé rẹ̀. Ímeèlì náà wà lórí fóònù àbúrò ọkọ rẹ̀, nítorí òun ló bá a ṣí i. Ọmọ yẹn kà á, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá sọ fún ẹ̀gbọ́n. Kó tó di Jímọ̀ọ́, gbogbo agbo ilé ti mọ̀, wọ́n sì ti fi kún un. Ohun tí kò sí nínú àyẹ̀wò rárá, wọ́n ti gbé e sí i. Ó ní láti ọjọ́ náà òun kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni kò lo oògùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ níkẹyìn, ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó sì dìde lọ pe dókítà kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò lè sọ orúkọ àìsàn obìnrin yìí fún yín, ẹ má sì retí rẹ̀. Ohun tí ó dúró sí mi lọ́kàn ni bí ó ṣe wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀. Hádíìsì kan wà tí Jabir ọmọ Abdullah gbà wá, ó wà lọ́dọ̀ Abu Dawud àti Tirmidhi: bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà ti di amánà. Kò ní láti sọ pé "má sọ fún ẹnikẹ́ni". Ọrùn tí ó yí ti sọ ọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú ní hádíìsì yìí láìmọye ìgbà, a ti kọ ọ́ sí wàláà, a ti há a sórí. Mo wá rí i lójúkojú lọ́jọ́ yẹn, lára ènìyàn tó bo ara rẹ̀ tí wọ́n sì ti tú aṣọ lára rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Mo lọ bá dókítà lẹ́yìn ìrun Aílà. Ọ̀rọ̀ wa kò rọrùn. Ó ní, "Alfa, bí n kò bá sọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, wọn á jẹun wá, wọn á gbàgbé ìtọ̀ tí a ní kí wọ́n gbé wá, wọn ò tilẹ̀ ní wá rárá. Ẹni tó kú nítorí pé kò wá, àṣírí kí ni a bò fún un?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa tí a fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa amánà kì í ronú dé ibẹ̀. Amánà kì í ṣe kí a kàn pa ẹnu mọ́. Ara ènìyàn náà amánà ni. Mo ní, "Sà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtìjú lé jáde náà kò ní wá. Ẹ wo ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ." Ó wo ìwé náà lórí tábìlì rẹ̀, kò dáhùn.

Ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyí. Àkọlé lẹ́tà kò ní sọ ju pé ìránnilétí ni, àti ọjọ́. Inú lẹ́tà yóò sọ ohun tí aláìsàn yóò ṣe: má jẹun láti aago báyìí, gbé oògùn rẹ tó kù dání, gbé ìgò tí a fún ọ wá. Kò ní sọ ìdí rẹ̀. Aláìsàn mọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó ń yọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, a yọ irú ìtọ́jú tí a ń ṣe kúrò lára rẹ̀. Kí a tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sórí kọ̀ǹpútà, èmi ni yóò bi í pé: ta ni ó ni ímeèlì yìí? Ta ló tún ń ṣí i? Ṣé ẹ fẹ́ kí á kọ̀wé, àbí kí á pè? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹnu máa ń yà mí nípa iye àwọn tó máa ń sọ pé kí á pè.

Kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra tí ó ga mú. Ìlú tí ẹ̀rọ wọn ju tiwa lọ náà ti ṣubú nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ilé ìwòsàn 56 Dean Street ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé ìròyìn kan ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn 781 tó ń lo ètò ìtọ́jú HIV rẹ̀. Dípò kí wọ́n fi àdírẹ́sì wọn sí àyè Bcc, níbi tí ẹnì kan kò ti ní rí ti ẹnìkejì, àyè tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i ni wọ́n fi sí. Orúkọ àwọn 730 hàn kedere. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ ní kòkòrò náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn £180,000 lé àjọ tó ni ilé ìwòsàn náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gmail fún wa ní àyè láti pe lẹ́tà padà, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ó pọ̀ jù.

Èmi kì í tilẹ̀ lo Bcc. Ènìyàn mọ́kànlá, lẹ́tà mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ilé ìwòsàn wa kéré, iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù fún ọwọ́ ènìyàn kan. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: lẹ́tà kan náà tí a dà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà tètè máa ń bọ́ sínú àpótí spam, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ kàn yín níbí. Àwọn kan nínú yín ló ń san owó ìtọ́jú òbí yín, Ọlọ́hun yóò san yín ní ẹ̀san rere. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé sí wa pé òun ni kí á máa fi gbogbo nǹkan ránṣẹ́ sí, àti èsì àyẹ̀wò, nítorí òun ló ń sanwó. Mo bi ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ máa fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí i, kí ó lè máa pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó wù mí kí ó máa pè mí. Ṣùgbọ́n èsì, èmi ni yóò sọ fún un bí mo bá fẹ́." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ fún un pé Anas ọmọ Malik, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, Ànábì rán an níṣẹ́ kan, ó sì pẹ́ kí ó tó délé. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dá a dúró, ó ní iṣẹ́ ni Ànábì rán òun. Ìyá ní iṣẹ́ kí ni? Ó ní àṣírí ni. Ìyá kò nà án, kò sì fi agbára mú un kí ó sọ ọ́. Ó ní kí ó má ṣe sọ àṣírí Ànábì fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá lè gbà pé ọmọ òun pa àṣírí mọ́ fún òun, ọmọ náà lè gbà á fún ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò dá mi lóhùn fún ọjọ́ méjì, ó wá kọ ọ́ pé, "Ó dáa, Alfa." Ní ìgbà òtútù tiwọn, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn, nítorí náà aago 8 tirẹ̀ ni aago 9 ìyá; mo máa ń kọ méjèèjì sí i.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fún wa ní ímeèlì kankan. Mo máa ń pè é lórí fóònù ìsọ̀ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ọjà bá dá. Ó ní kí n má dárúkọ ilé ìwòsàn, kí n sáà sọ pé Alfa ni. Alfa náà ni mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo máa ń ní, "Alhaja, Alfa ni o. Àlàmísì, aago mẹ́wàá." Á ní, "Mo gbọ́, Alfa." Ó tán. Ó ti ń wá báyìí láìpa ọjọ́ kan jẹ, nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àlùhàmúdùlílà.

Ohun kan ló kù. Kí n tó dé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa ń dá fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bàbá kan kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́tà sì wọlé sórí fóònù ọmọ rẹ̀ pé kí bàbá má gbàgbé láti wá ní ọjọ́ Ajé. Èsì tí ọmọ náà kọ padà ṣì wà nínú àpótí wa, mo ti kà á. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ ọ́ pé bàbá òun ti lọ bá ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wọn.

Mo ti pa dídá-ránṣẹ́ yẹn. Lójoojúmọ́ kí n tó tẹ ohunkóhun, mo máa ń ka orúkọ wọn sókè fún nọ́ọ̀sì àgbà, òun ló mọ gbogbo àdúgbò, ó mọ ẹni tó ṣaláìsí, ẹni tó bímọ, ẹni tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ti òní ti parí. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo fi ránṣẹ́, ènìyàn méjì ni n ó pè lẹ́yìn ìrun Aílà. Ẹnì kan kò tíì dáhùn sí lẹ́tà kìn-ín-ní, nọ́ọ̀sì sì ní ọ̀nà ilé wọn ni òun máa gbà lọ sílé, òun á kan ilẹ̀kùn.